Kòkó Bàbá àti Àmì Tí Mo Gbàgbé

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni mo ní kí Bàbá má fọwọ́ fún kòkó mọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, pé ẹ̀rọ tí mo gbé síbi tí wọ́n ń sá a sí ní Òṣú ni yóò máa sọ.

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Alekuwodo, tí mo ń ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì tún bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ náà ṣe, kò sì gba overlay, fáìlì àfikún tó yẹ kó fi dá sẹ́ńsọ̀ tuntun tó ń wọn omi ara kòkó mọ̀. Bàbá pè lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé kí n kó o wọlé? Ojú ọjọ́ ti ń ṣú o."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró. Ó kù díẹ̀."

Mo ń bú wáyà. Àṣé èmi ni! Nígbà tí mo kọ́ńpáìlì device tree, tí mo sọ fáìlì ìpìlẹ̀ gan-an di èdè tí bọ́ọ̀dù gbọ́, mi ò fi àmì -@ sí àṣẹ náà, kò wá sí orúkọ tí overlay lè dì mú. Àmì kan péré. Olúwa o...

Mo tún un ṣe, sẹ́ńsọ̀ sì sọ̀rọ̀. Ó ní kòkó rin gbindin. Mo rò pé irọ́ ló ń pa, mo bá pe Bàbá.

Wọn ò tiẹ̀ pariwo. "Òjò ti pa á. Ìwọ lo ní kí n dúró."