Eku Tó Ń Mu Àfòmọ́ Bàbá Rẹ

Òkè-Igbó,
Oṣù Kọkànlá, 2018.

Ẹ̀bùnọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run tó dá òtútù Berlin ni yóò fi aṣọ bò ọ́, o ò ní fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀, ilẹ̀ àjèjì kò ní gbàgbé pé ọmọ ẹnìkan ni ọ́. Àmín. Bí o bá ń béèrè wa, a wà, ṣùgbọ́n wíwà náà kò rí bó ṣe máa ń rí. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, n kò lè gba ẹ̀yìnkùlé kọjá mọ́ nítorí àga rẹ̀ tó wà lábẹ́ igi obì, ojúde ni mo ń gbà yí ilé po kí n tó dé ilé ìdáná. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, n kò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Mo gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ lórí Termin, tí o ní ó jẹ́ ọjọ́ tí ọ́fíìsì ìjọba ń dá fúnni, bó tilẹ̀ ń dún létí mi bí orúkọ ènìyàn. O ní láìrí Termin, ìjọba ibẹ̀ kò ní fún ọ ní ìwé ìgbélùú tuntun, àti pé bí o bá jáde láìní ìwé, wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé mọ́, ìdí nìyẹn tí o kò fi lè wá sin bàbá rẹ. N kò bínú. Mo kàn ń rò ó pé bóyá Termin náà kò mọ̀ pé bàbá ni. Bí o bá rí i, kúnlẹ̀ fún un dáadáa, sọ fún un pé ìyá rẹ kí i, kí o sì bi í bóyá bàbá tirẹ̀ ṣì wà láyé. Nígbà tí wọ́n ń sọ òkú kalẹ̀, mo ní kí Olúdàpọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi na fóònù sínú sàréè kí o lè rí bàbá rẹ, ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Olúdàpọ̀ ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ilẹ̀. Mo ní ta ló sọ fún un.

Ohun tó mú mi gbé báírò ni ọ̀rọ̀ eku, nítorí n kò lè sọ ọ́ lórí fóònù kí ẹkún má gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ṣé o rántí ìgbà tí Jùmọ̀ ọmọ àbúrò bàbá rẹ wá sílé láti Hamburg, tó ní o rán òun wá gba àfòmọ́ orí igi obì wa tí bàbá rẹ ń mu fún àìsàn ọkàn, pé ilé-ẹ̀kọ́ yín fẹ́ dán an wò bóyá lóòótọ́ ló ń dáàbò bo ọkàn? Inú bàbá rẹ dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀pá tí a fi ń ká obì fa ẹ̀ka náà wálẹ̀ kí n lè já a. Ó ní àfòmọ́ òun ti ń ṣáájú òun lọ sókè òkun.

O mọ̀ pé a kì í já ewé lásán. A ó pè é, a ó sì sọ orúkọ ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ fún. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé bàbá rẹ, n kò pè é lórúkọ rí, ta ni obìnrin ilé tó ń pe ọkọ lórúkọ, Bàbá Ẹ̀bùn ni mo ń pè é, ìdí àfòmọ́ nìkan ni mo ti ń pe Àlàbí. Mo ní, àfòmọ́, o ò légbò, igi gbogbo lo bá tan, bá ọkàn Àlàbí tan, dì í mú kó má já. Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ náà ni mo wí lọ́jọ́ náà. N kò dárúkọ Berlin, n kò dárúkọ eku. Mo rò pé àwọn Jámánì tí àyà ń dùn ni yóò mu ún. Jùmọ̀ gbé e dé ilé rẹ̀ ní Altona ní Hamburg, ó tún gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá ọ ní Gesundbrunnen ní Berlin, ewé náà kò sì gbàgbé orúkọ tí mo fi rán an.

Nígbà tí o wá pè lẹ́yìn ìsìnkú, tí o ń sunkún tí o tún ń rẹ́rìn-ín, o ní ìdánwò náà yọrí sí rere, pé ẹ fún àwọn eku ní oògùn tó ń ba ọkàn jẹ́, ọkàn àwọn tó mu omi lásán bàjẹ́, ti àwọn tó mu àfòmọ́ le koko. O fi ọ̀kan hàn mí nínú fóònù, funfun báláú, ojú pupa, wáyà láyà. Mo rò pé ẹ ń cháàjì rẹ̀ ni. O ní rárá, ẹ ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, o sì jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ, kì, kì, kì. Ẹ̀bùn, mo mọ ìró yẹn. Orí àyà tó ń dún bẹ́ẹ̀ ni mo sùn lé láti ìgbà ọmọge mi. Mo bi ọ́ pé kí ni orúkọ rẹ̀, o ní nọ́mbà mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn náà lo wá sọ pé bí Kérésìmesì bá ti kọjá, ẹ ó kùn ún lóorun, ẹ ó la àyà rẹ̀ wo ọkàn náà. Láti ọjọ́ yẹn n kò lè jẹun.

Mo ti rò ó títí. Bàbá rẹ mu àfòmọ́ nílé, ó lo oògùn ọsibítù, síbẹ̀ ó lọ. Eku Berlin mu èyí tí mo já lórúkọ rẹ̀, kò kú. Ewé kì í ṣe aṣiwèrè, ó jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an, ibi tó ti jẹ́ ẹ ni kò yé mi. N kò bá ọ jà, bàbá rẹ náà kò ní bá ọ jà, òun ló fa ẹ̀ka wálẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Àlàbí ló gbé ọkàn tó ń lù níbẹ̀ yẹn ró. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí wọ́n là á. Bí ọ̀gá rẹ bá ní dandan ni, sọ fún un pé ọkàn náà ní ẹbí, ẹbí kò sì tíì fọwọ́ sí i. Àfòmọ́ tí o ní o ń rí lórí igi ibẹ̀ nígbà òtútù, má já a o, o ò mọ ẹni tí wọ́n fi í ṣiṣẹ́ fún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Owó òkúta sàréè tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, dá a dúró, òkúta kì í lù. Fi ra eku náà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o fi ra ilé àti oúnjẹ fún un. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, fi ránṣẹ́ sí mi, n ò ní purọ́, òrùlé ilé ìdáná ń jò. Má fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, bàbá rẹ kì í jẹ ẹ́. Má gbé e sí ìdí fèrèsé nítorí òtútù. Má pè é ní nọ́mbà mọ́.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí fún mi. Ọkàn rẹ kò ní rẹ̀ ọ́. Ìwọ ni yóò sin mí, Termin kò ní dí ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyàwó Àlàbí.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní opó ni kí n máa kọ báyìí. N kò tíì kọ ọ́. Mo ń retí èsì rẹ.