Abọ́ Ìyá Mutmainah Kò Gbọdọ̀ Padà Lófìfo

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Fótókọ́pì Ọmọ́níyì,
Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

Màmá Àgbà mi ọ̀wọ́n, orogún mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti orí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí. Ẹ ṣáà gbà pé mo kúnlẹ̀. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé orúnkún yín ti yéé dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́? Ṣé ọyẹ́ Ṣakí ò tíì gbé yín lọ? Ọyẹ́ tiwa níbí ti la ètè Ìṣọ́raolúwa àbúrò mi sí ọ̀nà mẹ́rin, tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní láti kọ́kọ́ gbàdúrà. Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, kí obì wà lẹ́nu yín, kí ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e.

Ẹnìtàn, ìwọ tó ń kà á fún wọn, mo mọ̀ ẹ́. Má fo ìlà kankan, má sì fi tìẹ kún un. Màmá Àgbà, tó bá ń sáré kà á, ẹ fi ọ̀pá yín kàn án lẹ́sẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó wo ẹ̀yìn ìwé yìí. Ìbéèrè ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, tí ẹ̀rọ Bàámi tẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ. Ìwé tó bá ti bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo jogún ẹ̀.

Àpò tí ẹ fi rán Bàbá Sùlàímọ́nù awakọ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì. Ẹ̀wà funfun dé, èlùbọ́ dé, ata gbígbẹ dé. Irú yín ní tiẹ̀, òórùn ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti kí gbogbo èrò gáréèjì tán, kí àpò tó sọ̀. Ẹ ṣeun. Ọwọ́ tí ẹ fi ń gbìn ín kò ní gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ o, torí ẹ̀wà yẹn ló kó mi sí wàhálà, òun náà ló sì yọ mí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé fún ìsinmi, Agbowó sì dá páropáro. Ewúrẹ́ ń sùn láàárín títì, ó ń nà tàntàn, kò sẹ́ni tó máa fun fèrè mọ́ ọn. Bàámi jókòó ti ẹ̀rọ fótókọ́pì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó wọlé lọ́jọ́ náà, ṣéńjì ló ń wá. Màámi wá pe ìpàdé ìdílé. Wọ́n ní owó oúnjẹ Kérésì ò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lọ, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ mọ ẹnu mi. Mo ní kí wọ́n kó o fún èmi, pé màá se oúnjẹ tí gbogbo àdúgbò máa rò pé a jẹ tẹ́tẹ́. Bàámi, díákónì, wò mí nítorí tẹ́tẹ́ yẹn títí mo fi gbé e mì. Ṣùgbọ́n Màámi ní, “Ó dáa. Ìwọ ni olórí ìgbìmọ̀ oúnjẹ. Ohun kan ni o ò gbọdọ̀ fi ṣeré: abọ́ Ìyá Mutmainah.”

Ẹ rántí Ìyá Mutmainah, aránṣọ tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa nínú àgbàlá. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọdún kọkànlá rèé tí abọ́ búlúù wọn ti ń wá sílé wa ní Iléyá pẹ̀lú ẹran àgbò, tí àwa náà á gbé e padà ní Kérésì pẹ̀lú ìrẹsì àti adìyẹ. Abọ́ náà tóbi débi pé èèyàn lè wẹ ìbejì nínú ẹ̀ kí wọ́n má fara kanra. Àìsàn mú Bàbá Mutmainah lọ níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, síbẹ̀ abọ́ dé ní Iléyá, ẹran sì wà nínú ẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa, tí Màámi bá ń kọjá, wọ́n á wò ó bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn pé abọ́ aládùúgbò kì í padà lófìfo. Èmi wá ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká kàn bu díẹ̀ sí i ká dé e. Ta ló ń wọn abọ́?” Wọn ò pariwo. Ohùn wọn kàn lọ sílẹ̀: “Tọdún yìí ju ti gbogbo ọdún lọ. Kó kún, kó sì lẹ́ran. Ìwọ ṣáà gbọ́ tèmi.” Màmá Àgbà, ẹ̀yin lẹ bí wọn. Ẹ mọ̀ pé tí ohùn wọn bá lọ sílẹ̀, kéèyàn gbé bàtà ẹ̀ dání ló kù.

Mo lọ sí Bódìjà nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, tí àwọn onítòmátì ti ń wá ọ̀nà ilé. Mo bá ìyá kan tí mo ti ná ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fa ojú ro, mo ní ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbẹta. Ó gbé ọwọ́ sí ìbàdí: “Ìbẹta? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣebí ìbejì lo ní ó bí! Ikùn ìyá ẹ yìí ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀rọ ìlọta lọ!” Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tilẹ̀ jókòó sórí àlùbọ́sà ara ẹ̀. Irọ́ mi ò tà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tà: ó da tòmátì tó ti rọ̀ fún mi ní ìdajì owó, ó ní kí n bá òun kí àwọn ọmọ márààrún. Ìrẹsì kóńgò kan àbọ̀ ni mo rà. Ní ti adìyẹ, mo ra ọ̀kan nínú àwọn tó ti yé ẹyin títí tó ti sú wọn, torí pé àwọn tó ń sìn wọ́n kì í ta irú wọn wọ́n. Adìyẹ yìí dàgbà débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Lórí àdògán ni mo sè é ká má baà jo gáàsì, láti ìgbà tí Bàámi jáde lọ sí ìsìn Kérésì títí wọ́n fi dé, ó ṣì ń bá mi jiyàn. Ègé ìbẹ́pẹ dúdú ni mo sọ sínú ìkòkò kó tó gba Jésù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, mo ti fi ẹ̀wà yín ṣe ẹ̀kuru, bí ẹ ṣe kọ́ mi nígbà ọlidé ọjọ́ yẹn. Mo bó èèpo ẹ̀ títí èékánná mi fi fẹ́ bọ́, mo fi ewé pọ́n ọn, mo sì fi epo àti irú dín ata gbígbẹ. Mo ṣe é kó lè dí ikùn wa lọ́jọ́ kejì Kérésì tí owó bá ti tán. Lójú tèmi, oúnjẹ ilé ni, oúnjẹ tí kò wọ bàtà. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé jáde lọ́jọ́ ọdún.

Ibi tí mo ti ṣe é nìyí, Màmá Àgbà. Ẹnìtàn, ka ibí yìí jẹ́jẹ́. Màámi ní kí n bu abọ́ Ìyá Mutmainah, wọ́n sì lọ wẹ̀. Mo wo ìkòkò ìrẹsì, mo wo abọ́, mo tún wo ìkòkò. Tí n bá bu abọ́ yẹn kún, Ìṣọ́raolúwa á máa lá ìdí ìkòkò. Mo bá kó ẹ̀kuru mẹ́jọ pẹ̀lú ewé wọn sí ìsàlẹ̀ abọ́, mo fi ọ̀rá ata tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo da ìrẹsì lé wọn lórí, mo wá to ègé adìyẹ mẹ́rin sókè bí adé ọba. Màámi jáde, wọ́n rí i bó ṣe kún tó, ojú wọn sì mọ́lẹ̀. Wọ́n gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Ó dùn mí díẹ̀. Díẹ̀ ni o.

Nígbà tí mo gbé e wọlé wọn, ẹní ti wà nílẹ̀. Mutmainah àtàwọn àbúrò ẹ̀ méjì ti jókòó yí i ká, wọ́n ti fọ ọwọ́, àwo wọn mọ́ tónítóní. Mo wo ibi sítóòfù: ó tutù, kò sí ìkòkò lórí ẹ̀. Mo béèrè pé ṣé wọn ò tíì dáná ni. Mutmainah wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé: “Kérésì mà ni! Màámi kì í dáná lọ́jọ́ Kérésì. Oúnjẹ yín là ń jẹ.” Ni àbíkẹ́yìn wọn bá sọ tiẹ̀: “Àwa náà gé ẹran Iléyá wa sí méjì fún yín. A ò pa àgbò. Itan kan péré ni wọ́n gbé wá fún wa.” Mutmainah fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí ohùn Màámi fi lọ sílẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ nípa itan náà. Mo fẹ́ gbé abọ́ kí n sá, kí n ní mo ṣì í gbé, ṣùgbọ́n Ìyá Mutmainah ti ṣí i. “Ìyá ẹ tún ti ṣe é! Ọlọ́run á san án fún wọn.” Wọ́n bu àwo kìíní. Wọ́n bu ìkejì. Ní ìkẹta, ṣíbí kan ewé. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. “Ẹ má bínú mà! Màámi ò mọ̀ sí i. Èmi ni mo fi dí ìsàlẹ̀.” Wọn ò gbọ́ mi. Wọ́n ti tú ewé kan, wọ́n gbé e símú, wọ́n bu díẹ̀, wọ́n fi kan ata, wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n di ojú pọ̀. Mo rò pé ata pá wọn lórí, àṣé ẹkún ni. “Ta ló se èyí?” Mo ní èmi ni. “Irọ́ ni. Ta ló kọ́ ẹ?” Mo ní ẹ̀yin ni, pé Ṣakí lẹ wà, pé ẹ̀wà yín ni, irú yín ni. Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé irú yẹn ò lè jẹ́ ti Ìbàdàn.” Ọmọ Ìgbòho ni wọ́n, ìyá wọn ló ń ta ẹ̀kuru lọ́jà níbẹ̀, láti ọjọ́ tí ìyá náà ti kú, wọn ò tíì jẹ irú ẹ̀ mọ́. Ẹ̀kuru mẹ́ta ni wọ́n jẹ lórí ìdúró. Mutmainah rọra sọ sí mi létí pé láti ìgbà tí bàbá àwọn ti kú, òun ò tíì rí i kí ìyá òun jẹ nǹkan tán. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ara wọn lọ́rùn, wọ́n fi etí ìborùn nu ojú, wọ́n wò mí: “Olè burúkú ni ẹ́. Ẹni tó ń kó wúrà pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì.”

Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ká ẹní. Wọ́n gbé abọ́ rù, gbogbo wa sì tò wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sílé wa. Nígbà tí Màámi rí abọ́ tó padà ní wákàtí kan náà, ojú wọn ṣú. Mo jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi mí, wọ́n sì fa etí mi. Títí di òní, ti ọ̀tún ṣì gùn ju ti òsì lọ. Ìyá Mutmainah ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Màámi wá ní, “Mo gbọ́ nípa itan yẹn. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ni abọ́ yìí ti wúwo lójú mi.” Ìyá Mutmainah ní, “Ìwọ náà! Nígbà tí ọkọ mi dùbúlẹ̀, ta ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá láràárọ̀? Ṣé mo wọn ìyẹn?” Wọ́n dì mọ́ra wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò rántí pé ebi ń pa wá. A da ìkòkò wọn àti tiwa pọ̀, ìyẹn ni pé tiwa nìkan, torí tiwọn ò sí. Àwa mẹ́jọ jẹun lórí ẹní kan, a yó. Ẹ̀kuru ló kọ́kọ́ tán. Bàámi gba àdúrà tó gùn ju títì Ìbàdàn sí Ṣakí lọ, Ìyá Mutmainah ló sì ń ṣe àmín tó lágbára jù.

Mo ti kó ara mi jáde nínú ìgbìmọ̀ oúnjẹ. Mo sì ti mọ̀ báyìí, Màmá Àgbà, pé ohun tí mo ń tijú ẹ̀ ni ẹlòmíì ń fi omijé wá.

Àpò yín ni Bàbá Sùlàímọ́nù gbé wá fún yín yìí. Ẹ tú u wò. Abọ́ búlúù ló wà nínú ẹ̀. Ìyá Mutmainah kò gbé e lọ sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ni ẹ̀wà. Èso dàbínù tí wọ́n rà ní Sábó ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ìborùn tí wọ́n fi àjákù aṣọ oríṣiríṣi rán, kí ọyẹ́ má baà rí orí yín. Ẹ sì mọ òfin abọ́, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Èmi ò béèrè nǹkan kan o. Mo kàn ń sọ pé ẹ̀wà ti tán nílé wa.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹsẹ̀ yín á lè gbé yín dé Ìbàdàn, ọdún tuntun á sì bá yín nílé pẹ̀lú ayọ̀.

Èmi ni orogún yín kékeré, ọmọ ọmọ yín tí etí ẹ̀ kan gùn,
Ìrẹ̀mídé.

Àfikún: Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ìyá Mutmainah ní kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa wá. Wọ́n ní lọ́jọ́ náà, àwa ni ká fọ ọwọ́, ká tẹ́ ẹní, ká jókòó. Ká má dáná rárá.