Ọkọ̀ Tí Kì Í Dún

Àbídèmí ọmọ mi, àlàáfíà fún ọ ní Kánádà láti ọ̀dọ̀ èmi Wòlíì Àgbà Ọlálérè. Mo kí ìyàwó rẹ àti oyún inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ màmá rẹ ti ń san. Bàbá rẹ ń dúpẹ́ ọkọ̀ oníná tí o rà fún un. Òun ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́, kò ra epo mọ́. Tó bá ń ṣáàjì nìkan ni wọ́n máa ń pa fìríìjì.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí bi ọ́ léèrè: ta ló kọ́ àbúrò rẹ pé kó máa tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì Kòròlá bàbá yín láti gẹ́ètì Jákàńdè, kó lè tètè gbé ìwé? Ìwọ ni. Ìwọ náà lo tún ra èyí tí kì í dún!

Lọ́jọ́ Ẹtì, àbúrò rẹ wọ bàtà Dádì, ó ń fi ohùn wọn dá àwọn ọ̀rẹ́ lẹ́rìn-ín: “Ta ló tan fáànù kalẹ̀? Ṣé bàbá yín ló ni NEPA ni?” Ni gbogbo wọn bá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Dádì ti wà lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, “Máa ṣe é lọ, ó jọ mí.” Wọ́n ní tó bá di Ajé, mò ń lọ gbé lọ́dọ̀ Wòlíì n'Íbẹ̀jú.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dalẹ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pe Dádì, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbọ́ tiyín. Ọlọ́run á sọ ìyàwó yín kalẹ̀ láyọ̀.

Wòlíì ò mọ̀ sí lẹ́tà yìí o. Èmi Olúwatósìn ni, àbúrò yín tí ẹ fi ra mọ́tò.