Màámi, Ìyàwó Ti Sọdá Odò

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Màámi. Ọdún mẹ́ta! Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà, nítorí ìròyìn pọ̀, ayọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ilé tí ẹ ò rí òrùlé rẹ̀ ti parí. Bàbá ti kun yàrá yín ní àwọ̀ ewé tí ẹ ń bẹ̀ ẹ́ fún, tó máa ń sọ pé ó jọ ilé ìwòsàn. Bàbá ti ń dáná fúnra rẹ̀. Iyọ̀ rẹ̀ ò tíì mọ ìwọ̀n, àmọ́ a ń jẹ ẹ́, a sì ń kí i kú iṣẹ́. Àbúrò mi ti bímọ obìnrin, ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. A ò bi ẹnikẹ́ni ibi tó ti jogún rẹ̀.

Ẹ lẹ́nu nílé, Màámi! Àmọ́ tí ẹ bá ti dé ibi iṣẹ́, ẹ di odi. Òfin ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ amọ̀tẹ́kùn ni pé kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ènìyàn, kò gbọ́dọ̀ rí ojú ènìyàn, kó má baà sọ wá dọ̀rẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u sínú igbó. Ẹ ó fi aṣọ bojú, ẹ ó ti ẹran gba ihò ara ògiri, ẹ ó sì rọra fà sẹ́yìn. Ó mọ́ yín lára débi pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwa náà lóúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ti abọ́ wọlé, ẹ ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Bàbá ní òun ò mọ̀ pé ẹranko lòun.

Iṣẹ́ náà ti di tèmi báyìí. Ẹ rántí ohun tó ń dà yín láàmú kí ẹ tó lọ. Wọ́n ti tú Ìyàwó sílẹ̀, amọ̀tẹ́kùn tí wọ́n bí sínú ilé onírin, tí ẹ fọwọ́ ara yín tọ́, tí ẹ sọ lórúkọ nítorí bó ṣe ń rọra gbẹ́sẹ̀. Alágídí, akọ tí wọ́n mú wá láti inú igbó mìíràn, kò wẹ̀yìn rárá nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ó kọrí síbi tó ti wá, ó rìn títí ó fi sú u, kó tó fìdí kalẹ̀ síbì kan. Ìyàwó ní tirẹ̀, bó bá lọ díẹ̀, á tún padà sídìí wáyà tó yí ọgbà wa ká. Bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ tó ń fi ibi tó wà hàn wá lórí kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ọ̀gá ní bí òjò bá fi bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì lọ, wọn yóò dá a padà sínú ilé onírin títí ayé rẹ̀, kó má baà lọ bọ́ sáàárín ìlú. Lórí ibùsùn àìsàn yín, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí n má jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé.

Màámi, ẹ̀yin gan-an lẹ ń pè é padà! Kì í ṣe ẹnu yín o. Ọmọlanke ẹran yín ni, táyà rẹ̀ tó máa ń han gooro bí a bá ń ti oúnjẹ lọ fún àwọn ọmọ tó kù. A bo ojú, a pa ẹnu mọ́, a ò rántí táyà! Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ti ọmọlanke jáde, mo ń rí i lórí kọ̀ǹpútà pé Ìyàwó ti yí padà, ó ń bọ̀ wá jẹun. Nígbà tó yé mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó dùn mí pé ẹ ò sí níbẹ̀ kí a jọ fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀.

A fi gíríìsì sí i, ariwo tán. Ìyàwó dúró ti wáyà títí, kò gbọ́ nǹkan kan, ebi sì lé e lọ. Ó rìn síhìn-ín, ó rìn sọ́hùn-ún, kò mọ ibi tó ń lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ń bẹ̀rù pé èmi ni mo febi pa ọmọ yín. Àfi bó ṣe pa àgbọ̀nrín! Òun fúnra rẹ̀! Lẹ́yìn náà ló sọdá odò. Òjò bẹ̀rẹ̀, Ìyàwó ò padà. Ọ̀gá tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n bí ojú, ijó ló ń jó kiri ọ́fíìsì.

Lọ́dún tó kọjá, bẹ́líìtì ọrùn náà já bọ́ fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é pé kó já tí àsìkò bá tó. A lọ mú un. Ipa ẹsẹ̀ Ìyàwó wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, àwọn ipa ẹsẹ̀ kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti bímọ, Màámi! Bàbá ti ń pe ara rẹ̀ ní bàbá àgbà amọ̀tẹ́kùn ká gbogbo àdúgbò.

A ò mọ ibi tó wà mọ́. Kò sẹ́ni tó lè tì í mọ́lé mọ́. Kò mọ ojú yín, kò mọ ohùn yín, kò sì ní mọ̀ láéláé pé ẹnì kan wà tó fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Àwa mọ̀ yín, Màámi. A mọ̀ yín, àárò yín ń sọ wá, a sì fẹ́ràn yín títí dòní.