Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Kọ Ọ́, Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti wálẹ̀, àbí ẹ ṣì ń bá oògùn jà bí ẹni ń bá orogún jà? Ìyá ìbejì ń kọ́? Àwọn ìbejì náà ń kọ́? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà, kí ó sì bá yín lórí ìjókòó, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dìde dúró kà.

Kí ẹ tó bínú sí bí ìwé yìí ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ, ẹ jẹ́ kí n tètè tọrọ àforíjì. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi, ìgbájú lẹ sì fi kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní àfojúdi. Ọ̀tún ni kò jẹ́ ìpè mọ́.

Ó ti pé oṣù méje báyìí. Mo ń gé aṣọ lọ́wọ́ lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù wa, lọ́sàn-án gangan, ni àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un, ó tún bọ́. Mo ní kí n bú u, ẹ sáà mọ̀ mí, èébú ò jáde. Nígbà tí Tíṣà àgbà tó ń gbé lókè wa wọlé wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló bá mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó mú apá ọ̀tún pátápátá, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, ó sì fa ẹnu mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má pariwo o, àwọn ọmọ lè máa sùn. Mo wà láàyè, èmi ni mo ń kọ̀wé yìí.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ yín kí wọ́n tó gbé ìbejì jáde, tí ẹ̀yin náà ń sùn lórí àga ní ọsibítù. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa fi abiyamọ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa sáré tọ̀ mí wá. Bí ẹ kò bá sì lè wá, ẹ̀jẹ̀ yín á ru gùn òkè àjà. Ni mo bá ń fi ọwọ́ júwe fún Tíṣà pé kó bá mi kọ̀wé sí yín, kó sọ pé ara mi le, kó sọ pé fóònù mi bàjẹ́. Irọ́ ni o. Fóònù ò bàjẹ́, ẹnu mi ló bàjẹ́.

Ẹ wo Tíṣà náà, ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Bí mo bá juwọ́ sí i pé kó kí yín, á kọ ọ́ pé “Mo fi àsìkò yìí bẹ yín wò tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀.” Mo ń wò ó, mi ò lè sọ pé “Tíṣà, ẹ̀gbọ́n mi ni, kì í ṣe ọ̀gá iléèwé.” Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò ní dà bí tèmi létí yín. Èmi tí ẹ máa ń sọ pé bí mo bá sùn tán, ẹnu mi á ṣì jókòó!

Èsì yín wá dé. Mo ti há a sórí: “Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn yìí? Àbúrò mi ti di ẹni ńlá, ó ti gba akọ̀wé, kò sì fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́. Má kọ̀wé sí mi mọ́. Ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mi ò padà wá sí ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.” Ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn gan-an kò mú mi sunkún tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní òun máa kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, mo mi orí. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ “a” bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ náà báyìí kí ẹ lè bínú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tà á. Mo tiẹ̀ ti gun orí rẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Tèmi, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń yí i, ó ti di àga tí mo ń gbé aṣọ lé. Tiyín, ẹsẹ̀ ni. Mo máa ń na ọwọ́ òsì kọjá láti fún táyà rẹ̀ ní ìyí kan, ẹsẹ̀ òsì á wá gbà á lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ló ń yí sí ṣáá, gbogbo òwú yín ló ń já. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo parí, àpò ìrọ̀rí méjì ni. Inú mi dùn, mo gbé wọn sókè wò, àṣé mo ti rán ẹnu ọ̀kan pa. Mo rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín ara mi.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹ̀rín ni mò ń rín lójoojúmọ́. Àwọn aládùúgbò á wá, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní “Ó mà ṣe o.” Ọ̀kan ní kí n gba kámú. Kámú wo? Ikú ló pa mí ni? Ìdáhùn tó dáa kún inú mi bámúbámú, kò sí èyí tó lè jáde, ó sì dùn mí wọra. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ dìde. Àdúrà mi kò gùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo kàn máa ń sọ nínú mi pé, “Olúwa, Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ,” màá ṣe àmín, màá sì wá bàtà mi. Títí di òní, kò tíì sí ọjọ́ kan tí mi ò rí bàtà náà wọ̀.

Àárò yín ń sọ mí, ẹ̀gbọ́n mi, ó ń sọ mí jù. Bí mo bá gé ọrùn aṣọ tán, mo ṣì máa ń yíjú sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí n bi yín pé ṣé kò fẹ̀ jù. Ògiri ni mo máa ń rí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tí ẹ ti lọ tọ́jú ọmọ yín, ojú mi ò sì tíì kọ́ pé ẹ ò sí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ọsibítù tó ń kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan tó wù mí jù lọ láti sọ. Mo ní “Ẹ̀gbọ́n.” Ohun tó jáde ni “Ẹ̀wọ̀n.” Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, ó ní, “Màmá, ta ló wà lẹ́wọ̀n?” Ètè mi ni kò pàdé dáadáa, bẹ́ẹ̀ ètè méjèèjì ló ń pe “gb”. Ẹ wá rí ìdí mìíràn tí mi ò fi lè gbé fóònù yín? Oṣù márùn-ún gbáko, bí mo bá pè yín, ẹ̀wọ̀n ni mò ń pè yín. Nọ́ọ̀sì ní kí n má mikàn, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo fi ọwọ́ júwe fún un pé baba kọ́ ni mo fẹ́ pè.

Mò ń ṣe é lójoojúmọ́ níwájú dígí. Mo máa ń fi ìka ọwọ́ òsì fún ètè mi pa, màá sì tú u sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo pè é, ó pé. Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù tó gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, ó máa ń jáde, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó jáde.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé mi ò ní kí ẹ wá, kí ẹ tọ́jú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ti purọ́ fún yín tó. Mo fẹ́ kí ẹ wá. Kì í ṣe lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ìyá ìbejì lágbára, kí àwọn ọmọ rìn, kí ẹ wá máa bọ̀. Tí ẹ bá sì ṣì ń bínú, ẹ bínú wálé, ẹ̀gbọ́n mi. Ààyè yín ò dí.

Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí á dá tiyín sí. Ẹ ò ní fi omijé wẹ ìbejì. Ẹ máa jẹun ọmọ pẹ́, èmi náà á sì bá yín jókòó jẹ ẹ́.

Èmi ni,
Àbúrò yín kan ṣoṣo, tí ẹ fi ìgbájú kọ́, tó sì fẹ́ràn yín.

Mo gbàgbé èyí: Tíṣà ka ìwé yìí, ó rí àṣìṣe méjìdínlógún, mi ò jẹ́ kó tún ọ̀kan ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí. Mi ò mọ ọjọ́ tí ìwé yìí máa dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí náà gbogbo ọjọ́ Àìkú, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni màá máa jókòó ti fóònù. Màá gbé e. Tí ẹ bá ní “Hẹ́lò” tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ẹ má rò pé ó ti já, ẹ má sì gé e. Èmi ni. Orúkọ yín ló wà létè mi. Ẹ dúró dè mí.