Omi Tí Mo Fi Fọ Irun Yín

Ìyá mi, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi níṣẹ́,

Ẹ kú àtijọ́. N kò mọ̀ bóyá a máa ń kí òkú bẹ́ẹ̀, àmọ́ oṣù mẹ́jọ ti kọjá tí a sin yín, n kò sì tíì bá yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àdúrà ni mo ń ṣe. Àdúrà rọrùn. Ọ̀rọ̀ irun yín ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Ṣọ́ọ̀bù irun dídì wa ní Mabera, ní Sokoto níbí, ṣì wà, omi bọ́họ̀lù ibẹ̀ sì le bó ṣe le látijọ́. Mo ṣì kéré nígbà tí ẹ bu omi òjò sínú abọ́ kan, ẹ bu ti bọ́họ̀lù sínú èkejì, ẹ wá fi ọṣẹ kan náà fọ ọwọ́ mi nínú méjèèjì. Ti òjò hó títí dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Ti bọ́họ̀lù kàn funfun bí omi ògì, ó sì fi nǹkan kan sílẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ mi níka. Nǹkan yẹn náà ní í lẹ̀ mọ́ irun, tí í jẹ́ kó gan, kó ta kókó, kó máa kán sí òòyà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbe omi òjò sínú dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé. Bó bá tán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi tí a ó fi ṣan irun kẹ́yìn. Bí ẹ bá sì ń ya irun ọmọdé, ẹ máa ń fẹ́ ẹ lórí díẹ̀díẹ̀ kó má bàa dùn ún. Èmi kì í ṣe ìyẹn. N kò ní sùúrù yín.

Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ bẹ̀ mí pé kí n fi omi òjò fọ orí fún yín. Mo ní ó di Jímọ̀. Ìyàwó tuntun kan ní Kofar Doya ló gbà mí lọ́kàn, orí rẹ̀ ni mo sì fi ìyókù omi inú dírọ́ọ̀mù fọ̀, kó lè dán lójú àwọn àna. Àlàmísì lẹ kú.

Àwọn obìnrin Hausa tí a jọ ń gbé àgbàlá wá bá wa wẹ̀ yín. Wọ́n gbé ewé magarya gígún wá, èyí tí wọ́n fi ń wẹ òkú, wọ́n pò ó mọ́ omi, ó sì ń hó dáadáa, nínú omi bọ́họ̀lù yẹn náà o! Èmi ni mo kọ̀ ọ́. Mo ní ọmọ Ìlọrin ni yín, ọṣẹ dúdú la fi ń wẹ ara wa. Wọ́n wò mí, wọ́n fi mí sílẹ̀. Ọmọ òkú ni mí, onídìrí tún ni mí, ta ni yóò bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ irun? Haba! Ẹni tí wọ́n bí sí Sokoto, tó ń fi Hausa ná ọjà láti kékeré, ọjọ́ ikú ìyá rẹ̀ ló wá rántí pé òun kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Agídí lásán ni.

Ọṣẹ náà kò hó. Mo fi kún un. Funfun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbogbo irun yín, mo da omi sí i, omi kan náà, ó tún ń pọ̀ sí i. Mo ti òòyà bọ̀ ọ́, mo fà á, irun yín kán, ó sì bá mi jáde lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta là ń di irun obìnrin tó bá kú, kí a tó dà á sẹ́yìn. Mẹ́ta péré. Èmi tí ìdajì Mabera ń jókòó fún, n kò rí ọ̀nà kan yà. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, lóòótọ́. Àwọn ọkùnrin ti ń kanlẹ̀kùn pé wọ́n ti gbẹ́ sàárè tán, la bá fi aṣọ bo orí yín bó ṣe wà.

Àfáà ní ìwẹ̀ náà pé. Mo gbà. Ṣé ó pé lójú ẹ̀yin náà? Ṣé orí kì í yún yín níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi Ràmátù, àkọ́bí yín, kò bá ìsìnkú. Ọjọ́ kejì ló tó ti Ìlọrin dé, irun yín ló sì kọ́kọ́ bi mí léèrè. Mo ní omi òjò ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo ní ó ń dán, pé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gún régé. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó ń ṣàdúrà fún ọwọ́ mi. Mo rí i pé irọ́ náà tù ú nínú, mo bá fi í sílẹ̀.

Ìyá mi, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ara Ràmátù kò yá. Jẹjẹrẹ ni, ní ọmú, àwọn dókítà sì ti dá a padà sílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí. Ó ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé bí ọjọ́ bá pé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òun àfi bí mo bá ti Sokoto dé. Bí mo ṣe tọ́jú irun yín gẹ́lẹ́ ni kí n ṣe tòun. Bí mo bá jẹ́wọ́, ìtùnú kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo gbà yẹn. Mo dá a lóhùn pé ó dáa.

Àná ni ọmọ rẹ̀ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Oògùn tí wọ́n fà sí i lára ní ọsibítù ti jẹ irun orí rẹ̀ tán, Ìyá, kò ku ẹyọ kan. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó pè mí. Ọ̀nà mẹ́ta náà ló ṣì ní kí n bá òun dì, mo sì ṣèlérí fún un. N kò mọ̀ bóyá ó ti mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, àbí òun náà fẹ́ kí irọ́ tu òun nínú.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò rí ẹlòmíràn jẹ́wọ́ fún.