Má Na Ọwọ́ Sókè Mọ́

Àbúrò mi,

Mi ò jí ẹ, torí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ lọ ni. Oúnjẹ wà nínú abọ́ tí mo dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Má fi ẹsẹ̀ tó kán yẹn tẹlẹ̀. Ohun tí dókítà sọ fún mi lánàá, o ti rí i lójú mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ti àárọ̀ yìí, má bínú. Nígbà tí o ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, o na ọwọ́ méjèèjì sókè, o rẹ́rìn-ín, bí o ṣe máa ń ṣe fún àwọn òǹwòran tí o bá já bọ́ látorí okùn tí o ń rìn lórí ẹ̀ níbi eré sínú àwọ̀n tí wọ́n ta sísàlẹ̀. Èmi náà sì pàtẹ́wọ́. Ó ti mọ́ mi lára. Ìgbà tí mo rí omi lójú ẹ ni mo tó sáré wá.

Àgọ́ eré ni mò ń lọ. Wọ́n ní kí n dín ẹ̀wù eré ẹ kù fún ẹlòmíì tó máa gun okùn. Mi ò kọ̀. Abẹ́rẹ́ mi ló ń bọ́ wa báyìí. Ó sàn kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ìyá tó wà ní yàrá kejì ò ní jáde lónìí. Tí o bá tún ṣubú, jọ̀ọ́, má na ọwọ́ sókè, má rẹ́rìn-ín. Pariwo.

Ẹ̀gbọ́n ẹ